Gbèsè tí a ti san tán, tí orúkọ wa ṣì wà nínú ìwé

Ẹ jọ̀ọ́, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ wá ìwé àti bíìkì sọ́wọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tòní gba kíkọ sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ, kó jókòó ti ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ.

Ìyá kan ló gbé ọ̀rọ̀ yìí wá bá wa ní ilé iṣẹ́ rédíò. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ kéèsì tí ọ̀rọ̀ kàn. Kajú ni ìyá náà máa ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, á kó o fún àwọn oníṣòwò tó ń ti Parakou wá. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ bí kajú ṣe rí. Láti bí oṣù kejì ọdún ló ti ń bọ́ sílẹ̀, ẹni tí kò bá sì ní owó lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹlòmíì á ti bá àwọn àgbẹ̀ dúnàádúrà tán. Ìyá wá lọ sí kéèsì kan, ó ní òun fẹ́ yá 300.000 fráǹkì. Kéèsì tó lọ yìí kọ́ ló yá a lówó tẹ́lẹ̀ o. Ibòmíì ló ti yá owó lẹ́ẹ̀mejì rí, ó sì san án tán lẹ́ẹ̀mejèèjì. Wọ́n gba ìwé rẹ̀, wọ́n ní kó padà wá lọ́jọ́ kẹta.

Nígbà tó padà dé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí tábìlì wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní, "Ìyá, a ò lè yá yín lówó. Ẹ ṣì jẹ gbèsè níbì kan. Orúkọ yín wà ní BIC."

Ìyá ní, "Bíìkì kẹ̀? Èmi ò ra bíìkì láwìn lọ́wọ́ ẹnì kankan!"

Àwọn tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dun ìyá náà jù. Kó tó délé, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú rẹ̀ délé. Wọ́n ní gbèsè ti mu ún dé ọrùn, wọ́n ní ó ti "faillite". Àwọn àgbẹ̀ tó máa ń kó kajú fún un láwìn ọjọ́ méjì mẹ́ta wá bẹ̀rẹ̀ sí béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó sọ àpò kalẹ̀. Ó fi Kùránì búra fún mi pé òun ò jẹ ẹnikẹ́ni. Mo ní kó má búra mọ́, kó lọ wá carnet rẹ̀ wá. Inú àpótí aṣọ ló ti bá a. Gbogbo owó tó san ló wà nínú rẹ̀ lóṣooṣù, títí dé èyí tó gbẹ̀yìn. Ìgbà méjì tó gbẹ̀yìn yẹn, 22.500 àti 22.500, agbowó kéèsì ló wá gbà á lọ́jọ́ ọjà, lórí alùpùpù, ó sì fọwọ́ sí carnet. Àmọ́ nígbà tí a dé kéèsì àkọ́kọ́ yẹn, 45.000 fráǹkì náà kò sí nínú ìwé tiwọn. Agbowó ọ̀hún sì ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bó ṣe di pé kọ̀ǹpútà ń sọ fún gbogbo ayé pé ìyá yìí jẹ gbèsè nìyẹn, ó sì lé lọ́dún kan.

Láyé àwọn bàbá ńlá wa, tí gbèsè bá pẹ́ jù, olówó lè rán ológò lọ sílé onígbèsè. Ológò á jókòó tì í lẹ́nu ọ̀nà, á máa pariwo, á máa gbé adìẹ ilé pa jẹ, kò ní dìde àfi tí wọ́n bá sanwó. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní dídógò ti ènìyàn. Ìtìjú ńlá ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá sanwó, ológò á dìde, gbogbo àdúgbò á sì rí i pé ó ti lọ. Ológò ti ìsinsìnyí, inú kọ̀ǹpútà ló jókòó sí. Ẹ lè ti sanwó tán kó ṣì wà níbẹ̀, ẹ ò sì ní mọ̀, títí dọjọ́ tí ẹ bá tún nílò owó.

Kí wá ni BIC yìí? Faransé ni: Bureau d'Information sur le Crédit, ìyẹn ilé tí wọ́n ń kó ìròyìn nípa ẹ̀yáwó jọ sí. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó jọ ń ná fráǹkì ní UEMOA, Bẹ̀nẹ̀ wa wà lára wọn, ni wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí òfin kan náà. Ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà wọn gbà á wọlé ní 2013. BCEAO, ìyẹn bánkì àgbà tó ń gbé owó tí à ń ná jáde, ló ń bójú tó o. Creditinfo VoLo ni ilé iṣẹ́ tí wọ́n fún láṣẹ iṣẹ́ náà ń jẹ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2016, Abidjan ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà.

Bánkì àti àwọn kéèsì ẹ̀yáwó máa ń fi ìròyìn ránṣẹ́ síbẹ̀: ta ló yáwó, èló ni, èló ló kù, ta ló ti kọjá ọjọ́ tó yẹ kó san. Tí ẹ bá wá lọ yáwó níbòmíì, ẹni tó fẹ́ yá yín á kọ́kọ́ lọ wo ibẹ̀. BIC fúnra rẹ̀ kì í yáni lówó. BIC kọ́ ló sì ń sọ pé kí wọ́n yá yín tàbí kí wọ́n má yá yín, ẹni tó ni owó ló ń pinnu. Owó tí ẹ tọ́jú pamọ́ sí kéèsì kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo sọ ìyẹn torí pé bàbá kan pè wá lórí fóònù, ó ń bẹ̀rù pé àwọn ìyàwó òun á lọ wo iye tí òun ní ní BIC. Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀.

Òfin sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ fi ìròyìn ẹ̀yáwó yín ránṣẹ́ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ yín. Àṣẹ yẹn wà lára àwọn ìwé tí wọ́n ń tẹ́ síwájú yín lọ́jọ́ tí ẹ wá yáwó. "Ìyá, ẹ tẹ̀ka síbí, ẹ tẹ̀ka síbí, ẹ tún tẹ̀ka síbí." Ọ̀kan lára ìka mẹ́ta yẹn, àṣẹ BIC ni. Mi ò ní kí ẹ má tẹ̀ ẹ́ o. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ ní kí wọ́n kà á fún yín. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Kí a má sì rò pé ìkà ni wọ́n fi BIC ṣe. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó ní ilé tàbí ilẹ̀ tó ní ìwé nìkan ni bánkì máa ń gbọ́ tirẹ̀. Obìnrin tó ń ta gàrí, tó yá 50.000 tó san, tó yá 100.000 tó san, kò sí ẹni tó mọ̀ ju kéèsì kan ṣoṣo yẹn lọ. Ní báyìí, ibi yòówù tó bá lọ ní Bẹ̀nẹ̀, wọ́n lè rí i pé olóòótọ́ ni. Ìwé yẹn lè ṣe yín láǹfààní gidi. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí a jẹ́ kí irọ́ wọ inú rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà tí àṣìṣe ń gbà wọlé.

Èyí tó pọ̀ jù ni ti ìyá oníkajú yìí: owó tí a san tí kò dé inú ìwé kéèsì. Ẹ má fi owó lé agbowó lọ́wọ́ lójú pópó láìjẹ́ pé ó kọ iye owó, ọjọ́, àti orúkọ ara rẹ̀ sínú carnet lójú yín. "Màá kọ ọ́ nígbà tí mo bá dé ọ́fíìsì" kò tó. Tí ó bá jẹ́ orí fóònù ni ẹ ti san án, ẹ má pa mẹ́sééjì MoMo tàbí Moov yẹn rẹ́. Ẹ ní kí ọmọ ilé ìwé kan kọ nọ́ḿbà tó wà nínú mẹ́sééjì náà sínú carnet. Fóònù lè bọ́ sódò, carnet á ṣì wà nílé. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì san èyí tó gbẹ̀yìn, ẹ má kàn sọ pé "Ọlọ́run, a dúpẹ́" kí ẹ máa lọ. Ẹ béèrè ìwé tó sọ pé ẹ ò jẹ ohunkóhun mọ́. "Attestation de non-engagement" ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì. Ẹ há a sórí bí orin.

Ọ̀nà kejì ni orúkọ. Èyí, àgbègbè wa gan-an ló kàn. Ẹ wo àwọn Bàrìbá tí a jọ ń gbé: àkọ́bí ọkùnrin wọn, Woru, ìkejì, Sabi, ìkẹta, Bio, ìkẹrin, Boni. Bí gbogbo ilé bá ń pe ọmọkùnrin wọn kejì ní Sabi, Sabi mélòó ló máa wà láàárín Bétérou àti Tchaourou? Àwa náà ń kọ́, Táíwò kún ilẹ̀, Ìdòwú kún ilẹ̀. Bí Ìbúráímọ̀ bá sì dé iwájú akọ̀wé mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n máa gbà kọ ọ́. Ẹ fi ti ọjọ́ ìbí kún un. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wa, "né vers 1968" ló wà nínú ìwé wọn, ìyẹn ni pé a bí wọn ní nǹkan bí ọdún yẹn. Tí Sabi méjì bá jẹ́ "vers 1968", tí ọ̀kan yáwó oògùn òwú tí kò san, ta ni kọ̀ǹpútà máa mú?

Ohun tó ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ìyẹn ni nọ́ḿbà NPI, nọ́ḿbà tí ANIP fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Ẹ ṣì rántí ọdún 2017 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ya fọ́tò wa, tí wọ́n ń gba ìtẹ̀ka wa, tí wọ́n ń pè é ní RAVIP. Ibẹ̀ ni nọ́ḿbà yẹn ti jáde. Sabi lè pọ̀ bí ewé, ṣùgbọ́n NPI ẹnì kan kì í jọ ti ẹlòmíì. Tí ẹ bá ń yáwó, ẹ rí i pé NPI yín ni wọ́n kọ sínú ìwé, kí wọ́n sì kọ ọ́ pé. Tí ẹ bá ti yáwó láyé ìgbà tí ẹ kò tíì ní i, ẹ padà lọ, ẹ ní kí wọ́n fi kún un.

Ìkẹta, ẹ̀yáwó ẹgbẹ́. Ibí yìí le díẹ̀, ẹ fara balẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí òwú ò nílò kí n sọ ọ́: bí ẹgbẹ́ bá gba ọ̀rá àti oògùn pa pọ̀, tí ẹnì kan sì sá lọ sí Nàìjíríà, owó òwú ẹni tó jókòó ni wọ́n máa ń gé fi dí i. Àwọn ẹgbẹ́ obìnrin tó ń yáwó pọ̀ náà, bákan náà ló rí, mẹ́wàá ń dúró fún ẹnì kan. Tí ẹ bá ti fọwọ́ sí i pé ẹ jọ máa dúró, tí ẹnì kan ò san, gbèsè yẹn ti di tiyín lóòótọ́, a ò lè pè é ní àṣìṣe. Bí ẹni tó ṣe onígbọ̀wọ́ ṣe rí náà nìyẹn. Mo mọ̀ pé kò dùn mọ́ni. Àmọ́ tí ẹgbẹ́ bá ti dí ihò yẹn tán, tí orúkọ yín ṣì wà níbẹ̀ pé ẹ jẹ gbèsè, ìgbà yẹn ló di àṣìṣe. Bí wọ́n bá sì kọ odidi gbèsè ẹgbẹ́ sí orí ìyá kan ṣoṣo torí pé òun ni ààrẹ ẹgbẹ́, ẹ béèrè ohun tó wà nínú ìwé tí ẹ fọwọ́ sí. Torí náà, kí ẹgbẹ́ máa tọ́jú ẹ̀dà ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí. Ẹgbẹ́ tí kò ní ẹ̀dà, kí ló fẹ́ fi jà?

Ìkẹrin ni ọ̀rọ̀ "faillite" tí wọ́n sọ mọ́ ìyá wa. A máa ń sọ ọ́ bí eré: bí ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan bá dákẹ́ lọ́sẹ̀ méjì, "ó ti faillite". Nínú òfin, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tó jẹ gbèsè jẹ gbèsè ni. Ẹni tó pẹ́ kó tó san, ó pẹ́ ni. Ti kí okòwò ẹnì kan wó débi tí òfin fi mọ̀ ọ́n, iwájú adájọ́ nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀. Òfin OHADA tí wọ́n tún ṣe ní 2015 sọ pé kì í ṣe oníṣòwò ńlá nìkan ló kàn. Àgbẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́, ẹnikẹ́ni tó ń dá ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ lè dé iwájú kóòtù pé gbèsè ti ju agbára òun lọ. Kóòtù lè ṣètò bí yóò ṣe máa san án díẹ̀díẹ̀ kí iṣẹ́ rẹ̀ má bàa kú, tàbí kó ní kí wọ́n ta ohun ìní rẹ̀, kí wọ́n pín in fún àwọn tó jẹ lówó. Èyí tí òfin dìídì ń pè ní "faillite personnelle", ìjìyà ni, fún ẹni tó hu ìwà burúkú nídìí òwò. Kóòtù á fòfin de ẹni náà kó má ṣòwò mọ́ fún ìgbà kan.

Nítorí náà, kò sí òṣìṣẹ́ kéèsì, kò sí agbowó, kò sí aládùúgbò tó lè sọ ẹnikẹ́ni di "failli". Tí ẹ bá rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé yín, tí ẹ kò sì dé iwájú adájọ́ rí, ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ kọ sínú lẹ́tà: kóòtù wo ni, ọjọ́ wo ni, nọ́ḿbà ìdájọ́ wo ni? Ẹni tí kò bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó pa á rẹ́. Ẹni tó sì gba ọ̀nà kóòtù kọjá lóòótọ́, tó san gbogbo gbèsè rẹ̀ tán, òfin fún un láàyè láti gba orúkọ rere rẹ̀ padà níwájú adájọ́. Kó gba ìwé ìdájọ́ yẹn, kó mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ.

Bàyìí kọ́ ni wọ́n ń ṣe é níbi gbogbo o. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà ń sọ fún wa pé níbẹ̀, ẹni tí gbèsè bá borí rẹ̀ lè lọ kóòtù kí wọ́n pa gbèsè náà rẹ́, ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè wà nínú ìwé ẹ̀yáwó rẹ̀ fún ọdún 10. Ilé iṣẹ́ ńlá mẹ́ta ló ń kó ìròyìn yẹn jọ fún wọn, Equifax, Experian àti TransUnion. Àwọn náà ń ṣàṣìṣe: gbèsè tí kóòtù ti pa rẹ́ á ṣì máa hàn bíi pé wọ́n jẹ ẹ́, tàbí kí wọ́n gbé ẹjọ́ ẹlòmíì lé ẹni tó ń jẹ́ orúkọ kan náà lórí. Òfin wọn ti 1970 fún ilé iṣẹ́ náà ní ọjọ́ 30 láti wádìí tí ènìyàn bá kọ̀wé pé àṣìṣe ni. Ní Nàìjíríà, ọdún 2017 ni wọ́n ṣe òfin tiwọn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni pé níbi gbogbo, ẹni tó kọ̀wé ni wọ́n ń dá lóhùn. Ẹni tó lọ pariwo lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, wọ́n á ní kó ṣe sùúrù, ó tán.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá wa, kí n sọ bí a ṣe ṣe é, ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé ẹsẹ̀ kan.

A kọ́kọ́ béèrè ìwé náà fúnra rẹ̀. Orúkọ tí ẹ máa pè ni "rapport de crédit". Òfin fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti rí i lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Tí àríyànjiyàn bá sì wà lórí àṣìṣe tó ti ọ̀dọ̀ kéèsì tàbí BIC wá, ọ̀fẹ́ náà ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kọ́kọ́ ní ìwé ilé iṣẹ́ ni. Ìyá dá a lóhùn pẹ̀lẹ́, ó ní, "Ọmọ mi, orúkọ ta ló wà lórí rẹ̀?" Mo gbádùn ìdáhùn yẹn. Ó pe ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá sì ṣàlàyé bí a ṣe máa béèrè fún un. Nígbà tí ìwé dé, a kà á: orúkọ, NPI, ẹni tó yá a lówó, iye owó, iye tó kù, iye ọjọ́ tó ti kọjá. Ìgbà yẹn ni a tó mọ ilé tí 45.000 yẹn ti wá. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìjà kankan kí ẹ tó rí ìwé yìí, kí ẹ má lọ bá ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ jà.

Lẹ́yìn náà, kéèsì tó fi ìròyìn ránṣẹ́ la lọ bá. Òun ló ni ìwé, òun ló gbọ́dọ̀ tún un ṣe, kó sì fi èyí tó tọ́ ránṣẹ́ sí BIC. Èmi ni mo bá ìyá kọ lẹ́tà náà ní Faransé, kò sì ju ojú ewé kan lọ. Ó dárúkọ ara rẹ̀, ó kọ NPI àti nọ́ḿbà fóònù. Ó kọ nọ́ḿbà ẹ̀yáwó tó wà lórí carnet. Ó sọ ohun tí ìwé BIC wí, ó sọ ohun tó jẹ́ òótọ́, pẹ̀lú ọjọ́ tó san owó méjèèjì. Ó béèrè ohun méjì: kí wọ́n tún ìròyìn náà ṣe ní BIC, kí wọ́n sì fún un ní ìwé pé kò jẹ wọ́n ní nǹkan kan. Kò sí èébú, kò sí ègún. A fi fótókópì carnet mọ́ ọn. Ẹ gbọ́ o, fótókópì ni! Carnet gangan kì í kúrò lọ́wọ́ yín. Tí wọ́n bá fẹ́ rí i, ẹ mú un dání, kí wọ́n wò ó lójú yín, kí ẹ sì mú un padà sílé.

Ẹ̀dà lẹ́tà méjì la gbé lọ. Wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n kọ ọjọ́ sí ìkejì, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, ìyá mú un lọ sílé. Ohun tí wọ́n ń pè ní "décharge" nìyẹn. Ẹni tí kò ní òǹtẹ̀ lórí ẹ̀dà tirẹ̀, ó dà bíi pé kò kọ̀wé ni.

Tí kéèsì bá kọ̀, tàbí tí wọ́n dákẹ́, ọ̀nà kò tíì tán. Ẹ lè kọ sí BIC fúnra rẹ̀ pé ẹ ò gbà pé ìròyìn náà tọ́, òfin fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè pé kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n pa á rẹ́. BCEAO ló ń ṣọ́ BIC, ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Kútọnu, ó sì ní ọ̀kan ní Parakou tó sún mọ́ wa. Fún ọ̀rọ̀ àwọn kéèsì kéékèèké, ilé iṣẹ́ ìjọba kan wà tó ń ṣọ́ wọn, ANSSFD ni wọ́n ń pè é. Tí ó bá jẹ́ pé wọ́n fi orúkọ yín ránṣẹ́ láìgba àṣẹ, tàbí tí wọ́n ń ka gbèsè yín sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn, APDP ló ń dáàbò bo ìròyìn ara ẹni ní Bẹ̀nẹ̀, lábẹ́ òfin 2018 tí wọ́n ń pè ní Code du numérique. Ibi yòówù kí ẹ kọ sí, ẹ fi fótókópì lẹ́tà àkọ́kọ́ tó ní òǹtẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn kan. Láìpẹ́ yìí, ẹnì kan pe ìyá ọ̀hún lórí fóònù, ó ní òun ní ẹni tó mọ BIC, pé kó fi 20.000 ránṣẹ́ lórí MoMo, wọ́n á fọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Olè ni. Tí ìròyìn bá jẹ́ irọ́, wọn ò gbọ́dọ̀ gba owó lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó tún un ṣe. Tí ó bá sì jẹ́ òótọ́, kò sí ẹni tó lè pa á rẹ́ fún 20.000. Ẹni tó jẹ gbèsè tòótọ́, kó lọ bá kéèsì sọ ọ́ kí ọjọ́ tó kọjá, kí wọ́n bá a pín in sí kéékèèké. Èyí dára ju kó máa gba ẹ̀yìnkùlé lọ tó bá gbọ́ ìró alùpùpù agbowó.

Ẹgbẹ́ olùgbọ́ kan fi ìbéèrè ránṣẹ́ kí n tó kúrò níbí: ọkọ obìnrin kan kú, ó fi gbèsè kéèsì sílẹ̀, wọ́n wá ń dún kookò mọ́ ìyàwó. Ìyàwó mi, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á dá yín lọ́lá. Ẹ wo ohun méjì. Àkọ́kọ́, ṣé ẹ fọwọ́ sí ìwé ọkọ yín gẹ́gẹ́ bí onígbọ̀wọ́? Tí ẹ kò bá fọwọ́ sí i, gbèsè rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wà lórúkọ yín ní BIC. Ọ̀rọ̀ ogún ni, ẹbí lẹ máa bá jókòó. Ìkejì, nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀yáwó, wọ́n ti gé owó ìbánigbófò sílẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, "assurance décès", torí irú ọjọ́ báyìí. Ẹ mú ìwé ikú lọ, ẹ béèrè bóyá ó wà lórí ẹ̀yáwó náà. Àwọn kan ò ní sọ ọ́ fún yín tí ẹ kò bá béèrè.

Ní ti ìyá oníkajú, kéèsì rí ìfọwọ́sí agbowó wọn, wọ́n fi wé ìwé rẹ̀ mìíràn, wọ́n gbà pé owó náà dé ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n tún un ṣe. Ó padà lọ béèrè ìwé BIC lẹ́ẹ̀kejì láti fi ojú ara rẹ̀ rí i: òdo ló wà níbi iye tó kù. Àmọ́ kajú ti tán lórí igi nígbà yẹn. Owó tí wọ́n wá yá a, ó ní sóyà lòun máa fi rà tí wọ́n bá kórè. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun ti ra àpò ọ̀rá kan, inú rẹ̀ ni carnet wà báyìí, kò sí nínú àpótí aṣọ mọ́, torí eku.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́ fún ọ̀sẹ̀ yìí: kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú carnet rẹ̀ wá, àti ti ẹ̀yáwó tó ti san tán pẹ̀lú. Kí akọ̀wé wo ojú ewé tó gbẹ̀yìn, kó kọ orúkọ àwọn tí kò ní ìwé pé wọ́n ti san tán. Ẹ kọ iye wọn ránṣẹ́ sí wa ṣáájú ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀.